Kámẹ́rà Kékeré Bàbá Fọ́tò

Gbogbo ilé la tú, a kò rí àwòrán Bàbá kan ṣoṣo tó dáa tí a lè fi sí pósítà ìsìnkú wọn. Ẹ gbà mí o! Ẹni tó ya gbogbo ará Rumuokwuta ní Port Harcourt, tó ya ìyàwó, tó ya ọmọ ìkókó, tó máa ń lọ yàwòrán ìsìnkú àgbà ní Isiokpo títí ẹsẹ̀ á fi wú, òun gan-an ni kò ní fọ́tò nílé ara rẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n Mọ́mì mú èyí tó wà lára káàdì ìdánimọ̀ Bàbá wá. Bàbá fajú ro nínú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ na èèyàn. Mo mọ ohun tó fà á, torí èmi ni mo tẹ̀lé wọn lọ lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin tó ń yà wọ́n ni wọ́n ń bá wí: "My daughter, your light dey wrong side. Carry am come this way." Ọmọ náà kàn tẹ kámẹ́rà rẹ̀. Àwòrán yẹn ló wà lórí pósítà báyìí. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń sọ pé bàbá yìí le o. Bàbá ò le. Iná ni ò dáa.

Bàbá tó bí Mọ́mì mi ni wọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ìgbà èwe ni wọ́n ti dé Port Harcourt, wọn ò sì padà sílé mọ́ àfi tí òkú bá kú. Àwọn aládùúgbò ń pè wọ́n ní Papa Photo, àwa Yorùbá ní ṣọ́ọ̀ṣì ń pè wọ́n ní Bàbá Fọ́tò. Ilé wọn ní Elekahia ni èmi Kẹ́hìndé dàgbà sí, èmi àti Mọ́mì, torí Dádì mi ń ṣiṣẹ́ lórí omi lọ́dọ̀ àwọn elépo, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wálé. Táíwò, ìkejì mi, tí gbogbo wa ń pè ní Táyé, lọ nígbà tí a wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà. Mo tètè sọ ìyẹn, kí ẹ má baà rò pé èmi nìkan ni wọ́n bí.

Ẹnu Bàbá ò gbé ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ kan ni obìnrin kan wọ inú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Rumuokwuta pẹ̀lú ìbínú, ó na àwòrán rẹ̀ sí wọn lójú. "Papa Photo, see as you make my belle big!" Bàbá yọ ìgò ojú wọn, wọ́n wo àwòrán, wọ́n wo obìnrin náà, wọ́n tún wo àwòrán. "Madam, na snap I snap. No be me cook the food." Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó sì gbé fọ́tò rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n tó bá di ti iṣẹ́ gan-an, kò sí ẹ̀rín. Ohun tí Bàbá kórìíra jù láyé ni kí èèyàn mira níwájú kámẹ́rà. Àwòrán tí ojú tàbí ẹnu bá ti rí bàìbàì nínú rẹ̀, wọ́n á fà á ya níṣojú ẹni tó ni ín, kódà kó jẹ́ pásítọ̀. Wọn ò ní kó o san nǹkan kan. Wọ́n á kàn ní kó o tún jókòó. "Má mira" ni ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Tí wọ́n bá ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ mi, má mira. Tí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ gún mi lábẹ́rẹ́, má mira. Nígbà tí mo ń lọ kọ ìdánwò ìwé mẹ́wàá, tí gbogbo èèyàn ń gbàdúrà fún mi, Bàbá kàn di ejìká mi mú, wọ́n ní, "Ìwọ ṣáà ti jókòó dáadáa, kó o má mira."

Ohun kan wà tí Bàbá mọ̀ ọ́n ṣe ju gbogbo ayàwòrán tó kù nílùú lọ. Láyé ìgbà tí fíìmù ṣì wà, tí ọ̀kan nínú ìbejì bá lọ láìjẹ́ pé a ya àwọn méjèèjì pọ̀, àwọn òbí á mú ìkejì wá sọ́dọ̀ ayàwòrán. Ayàwòrán á fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, ọmọ á jókòó sápá kan, wọ́n á yà á. Wọ́n á bo ìdajì kejì, ọmọ á bọ́ sápá kejì, wọ́n á tún yà á sórí fíìmù kan náà. Tí wọ́n bá fọ fíìmù náà tán, ọmọ méjì ló máa jókòó pọ̀ níbẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìyá Mùsùlùmí kan wà tí wọ́n bí sí Port Harcourt níbí, tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ já gaara. Ó gbé ọmọkùnrin rẹ̀ tó kù wá. Nígbà tó rí àwòrán náà, ó fi ìka rẹ̀ kan ojú ọmọ kan, ó tún kan ti èkejì. "Bàbá, which one be Táíwò?" Bàbá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, èyí tí wọn kì í sábà ṣe: "Ìyá ọmọ, ẹ̀yin lẹ ó mọ̀ ọ́n."

Bẹ́ẹ̀, Bàbá yìí kan náà ló fi ọwọ́ ara wọn sun gbogbo àwòrán Táyé.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣòro fún mi láti sọ, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ibà ló mú àwa méjèèjì, ó mú Táyé lọ, ó fi mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò jẹun. Mo máa ń dúró síwájú àwòrán wa tó wà lára ògiri, màá máa bá Táyé sọ̀rọ̀, màá tún dá ara mi lóhùn. Mo ń rù sí i. Ẹnìkan láti ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sọ fún Bàbá pé òkú ń pe alààyè, pé tí wọn ò bá mú ojú ìkejì kúrò níwájú mi, màá tẹ̀lé e. Díákónì ni Bàbá o, wọ́n ń ka Bíbélì láàárọ̀ àti lálẹ́. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí Mọ́mì lọ ra oògùn mi, Bàbá já gbogbo àwòrán tó ní ojú Táyé lára ògiri, wọ́n kó fíìmù rẹ̀ láti ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dáná sí wọn lẹ́yìn ilé, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Fíìmù kì í jó bíi bébà. Ṣe ló ń ká kò, tó ń rùn. Òórùn yẹn ni Mọ́mì bá pàdé lẹ́nu géètì.

"Bàbá, kí lẹ sun?"

Bàbá ò wojú wọn. "Àdùkẹ́, mò ń wá bí a ó ṣe rí èyí tó kù mú ni."

Ara mi yá. Bóyá oògùn ni, bóyá ọmọdé ló máa ń gbàgbé, èmi ò mọ̀. Nígbà tí Mọ́mì rí i pé mo ti ń jẹun, wọ́n kúnlẹ̀ fún bàbá wọn, wọ́n bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n yà mí bí wọ́n ṣe ya ọmọ ìyá Mùsùlùmí yẹn. Ó kéré tán, kí àwọn rí ojú Táyé lára ojú mi. Bàbá kọ̀. Wọ́n ní, "Mo ti yà á fún ọmọ ọlọ́mọ. Ọwọ́ mi ò lè gbé ti èyí."

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti kú láàárín àwọn méjèèjì. Mọ́mì ò bú wọn rí. Wọ́n á kúnlẹ̀ láàárọ̀, "Ẹ káàárọ̀ sà," wọ́n á gbé oúnjẹ síwájú wọn, wọ́n á fọ aṣọ wọn, wọ́n á ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn kó tó tán. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò kọjá ibẹ̀. Tí Bàbá bá ṣàwàdà, gbogbo ilé á rẹ́rìn-ín, Mọ́mì á kó abọ́ lọ sí kíṣìnì. Ilé yẹn ni mo ti dàgbà. Mo fẹ́ràn àwọn méjèèjì, ó sì máa ń dùn mí dé egungun.

Nígbà tí mo ti wà ní kíláàsì àgbà ní sẹ́kọ́ńdírì, fíìmù ti lọ sókun ìgbàgbé. Ilé tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ nígboro ti kógbá sílé, èéhù ti wọ ojú kámẹ́rà ńlá Bàbá, àwọn ọmọdé ń fi fóònù ya ara wọn kiri. Ẹ̀gbọ́n Mọ́mì wá ra kámẹ́rà dígítà kékeré kan fún Bàbá, èyí tó wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì. Háà, ìjà dé! Bàbá ò fẹ́ rí i. Wọ́n á gbé e sókè, wọn ò tíì sọ ohun tí wọ́n fẹ́, kámẹ́rà ti tanná fún ara rẹ̀. "Ta ló bi í? Ta ló ní kó tanná? Kámẹ́rà tó ń ronú fún ọ̀gá rẹ̀, ṣé kámẹ́rà nìyẹn àbí ìyàwó olóyè?" Wọ́n á sọ ọ́ sórí àga.

Ọjọ́ kan, láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n pè mí sí fàráńdà. "Kẹ́hìndé, ṣé nǹkan yìí lè la ojú sílẹ̀ nínú òkùnkùn, kó má pa á dé, títí tó fi máa tó ìṣẹ́jú kan?" Mo wo inú rẹ̀ títí. Kò lè ṣe é. Ìwọ̀nba tí àwọn tó ṣe é fún un ló mọ̀, kò sì sí ibi tí èèyàn ti lè pàṣẹ fún un. Bàbá ní ó dáa, wọ́n gbé ojú lọ síbòmíràn. Mo rí i pé ó dùn wọ́n, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀.

Ilé kọ̀ǹpútà kan ní Rumuokwuta ni mo ti kà á lórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé àwọn kan ti kọ sọ́fíwià kan fún irú kámẹ́rà wa. Èèyàn á dà á sórí mẹ́mórì káàdì, á ti bọ́tìnnì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì náà, á fi sínú kámẹ́rà, kámẹ́rà á jí pẹ̀lú ohun tí kò ní lánàá. Mo sáré wá sọ fún Bàbá.

"Kò ní bà á jẹ́?"

"Kò fọwọ́ kan kámẹ́rà rárá, Bàbá. Orí káàdì ló ń gbé. Ẹ bá yọ káàdì, ó ti padà sí bó ṣe wà."

"Àwọn tó ṣe é ńkọ́? Wọn ò mọ̀ pé ó lè ṣe é ni?"

"Wọ́n mọ̀, sà. Wọ́n kàn tì í pa ni."

Bàbá mi orí díẹ̀díẹ̀. "Ó ti wà nínú ẹ̀ látìgbà yìí. Wọ́n kàn tì í ni."

Èyí tí mo kọ́kọ́ dà sí i kì í ṣe ti kámẹ́rà wa gan-an. Ojú kámẹ́rà dúdú kirimú, kò tanná, kò sùn. Bàbá gbá orí mú: "Ó ti kú o! Kẹ́hìndé ti pa á!" Ẹni tó ti ń bú u láti ọjọ́ yìí ló ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ yẹn. Mo yọ bátìrì, mo fi padà, ó jí. Mo lọ wá èyí tó bá a mu. Lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́, tí àwọn lẹ́tà tuntun yọ lójú rẹ̀, tí Bàbá fi ọwọ́ ara wọn yan bí yóò ṣe pẹ́ tó kó tó pa ojú dé, wọ́n ké sí ará ilé kejì láti fàráńdà: "Neighbour, come see! My camera don get sense!" Bàbá di ọmọdé. Wọ́n ya mànàmáná lórí òrùlé Elekahia nígbà òjò. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ sí oríta Rumuokwuta ní ìrọ̀lẹ́, iná ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ sì fa ara wọn gùn nínú àwòrán bí òwú. Mo rò pé torí ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ ẹ.

Ọ̀sán Sátidé kan ni, Mọ́mì lọ sí ìpàdé àwọn obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ní kí n wọ aṣọ ọjọ́ ìsinmi mi. Wọ́n ní kí n ti fèrèsé pálọ̀, kí n fi aṣọ bo gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé. Wọ́n gbé kámẹ́rà sórí irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta wọn àtijọ́. Wọ́n gbé àga kan síwájú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé àga kejì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe.

Mo ní, "Bàbá, àwọn ọmọ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní Rumuokwuta lè lẹ̀ ẹ́ pọ̀ fún wa kíákíá."

Wọ́n ní, "Rárá. Kì í ṣe ìlẹ̀pọ̀. Mo fẹ́ kí ojú kan ṣoṣo rí ẹ̀yin méjèèjì, kó má sì ṣẹ́jú láàárín."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Òkùnkùn bo gbogbo ibẹ̀. Bàbá tan tọ́ọ̀ṣì sí mi, wọ́n ń fi ìmọ́lẹ̀ náà pa mí lójú àti lára bí ẹni ń fi òróró para ọmọ. "Má mira." Wọ́n pa tọ́ọ̀ṣì. "Dìde. Bọ́ sórí àga ìkejì rẹ. Òun ló máa ń fẹ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé." Mo fọwọ́ wá ọ̀nà débẹ̀, mo jókòó. Ìmọ́lẹ̀ tún bà mí lójú. Mi ò rí Bàbá. Ohùn wọn nìkan ni mo gbọ́, ohùn náà sì ti yí padà.

"Táyé."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáná lẹ́yìn ilé, mi ò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu wọn títí di ọjọ́ náà.

"Ẹ̀jìrẹ́ mi. Bàbá ló sun àwòrán rẹ. Mi ò gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́, ẹ̀rù ló bà mí. Má bínú sí mi, ọmọ mi. Foríjì mí."

Mo mọ̀ pé ojú kámẹ́rà ṣì wà ní lílà. Mo mọ̀ pé mi ò gbọ́dọ̀ mira. Ṣùgbọ́n ta ló máa dá wọn lóhùn? Táyé ò sí níbẹ̀ láti dá wọn lóhùn, èmi ni mo wà lórí àga rẹ̀. Mo ní, "Mi ò bínú, Bàbá. Mo ti foríjì yín." Tọ́ọ̀ṣì kú. A dúró nínú òkùnkùn títí kámẹ́rà fi ṣẹ́jú fúnra rẹ̀.

Ọmọbìnrin méjì ló jókòó nínú àwòrán náà. Ti apá òsì mọ́ kedere. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ojú rẹ̀ mọ́, ọrùn rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ rí bàìbàì bí èéfín. Ojú tì mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, mo ti bà á jẹ́. Ẹ jẹ́ ká tún un yà." Bàbá tó ń fa àwòrán pásítọ̀ ya gbé kámẹ́rà náà sún mọ́ ìgò ojú wọn, wọ́n wò ó títí omijé fi bọ́ sí i lórí.

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ ni." Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Wò ó bó ṣe dàgbà."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Mọ́mì. Mọ́mì wò ó, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀, wọ́n sunkún, wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan àwòrán náà. Nígbà tó pẹ́, wọ́n ní, "Kí ló ṣe é lẹ́nu?"

"Ó ń sọ̀rọ̀ ni."

"Kí ló sọ?"

"Kẹ́hìndé mọ̀ ọ́n. Bi í léèrè, Àdùkẹ́."

Mọ́mì ní, "Ẹ ṣeun sà." Wọ́n gbé àwòrán náà lọ kọ́ sí yàrá wọn, wọ́n sì lọ gbé ọbẹ̀ kaná. Wọn ò bi mí. Mo dúró dè wọ́n títí, mo lọ sí yunifásítì, mo bọ̀, wọn ò bi mí. Bàbá pàápàá ń dúró. Mo máa ń rí wọn tí wọ́n á máa wo ojú Mọ́mì nígbà tí Mọ́mì bá gbé oúnjẹ wá, bí ẹni tó ń retí lẹ́tà.

Nígbà tí àìsàn dá Bàbá dùbúlẹ̀, Mọ́mì ló ń wẹ̀ wọ́n, Mọ́mì ló ń fún wọn lóúnjẹ. Bàbá á di ọwọ́ wọn mú, wọ́n á ní, "Àdùkẹ́..." Mọ́mì á tún ìrọ̀rí ṣe, wọ́n á ní, "Ẹ sinmi, sà, ẹ má sọ̀rọ̀ púpọ̀." Ọ̀sán ni Bàbá lọ, nígbà tí Mọ́mì jáde lọ ra oògùn wọn. Ó dùn mí o. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí àlejò ti tán nílé, Mọ́mì wọ yàrá mi wá. Wọ́n ti yọ àwòrán náà lára ògiri, wọ́n gbé e mọ́ àyà.

"Kẹ́hìndé, kí ló sọ?"

Mo sọ fún wọn. Ohun tí Bàbá tọrọ, àti ohun tí mo fi dáhùn. Mọ́mì ò sunkún lákọ̀ọ́kọ́.

"Ọmọ mi ti foríjì wọ́n látọjọ́ yẹn," ni wọ́n wí. "Èmi ìyá rẹ̀ ni mi ò lè la ẹnu. Ó wà nínú mi o, Kẹ́hìndé. Mo fi Ọlọ́run búra, ó ti pẹ́ tó ti wà nínú mi. N kò kàn lè sọ ọ́ ni." Ìgbà yẹn ni ẹkún tó dé, irú ẹkún tí èèyàn kì í lè bá ẹni dá dúró.

Nígbà tó rọlẹ̀, wọ́n bi mí bóyá kámẹ́rà kékeré yẹn ṣì wà. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ Bàbá, wọ́n fi aṣọ ìnujú wọn bò ó, káàdì ṣì wà nínú rẹ̀. A ṣáàjì bátìrì rẹ̀. A bo fèrèsé pálọ̀. Mo gbé àga Bàbá sí ẹ̀gbẹ́ kan, Mọ́mì jókòó sórí èkejì. Mo tẹ̀ ẹ́, òkùnkùn dé. Mo kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí àga Bàbá, sí tìmùtìmù tí ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀ wọnú, mo rọra fi ìmọ́lẹ̀ pa á bí wọ́n ṣe fi pa mí. Lẹ́yìn náà ni mo tan án sí ojú Mọ́mì. Mi ò sọ fún wọn pé kí wọ́n má mira. Wọ́n kọjú sí àga yẹn, wọ́n ní, "Bàbá mi," wọ́n sì ń bá a lọ títí kámẹ́rà fi pa ojú dé. Ohun tí wọ́n sọ, mo gbọ́ ọ, kì í ṣe tèmi láti kọ.

Àwòrán náà wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Táyé báyìí. Àwọn àlejò máa ń bi mí pé kí ló dé tí ọmọ ọmọ Papa Photo fi gbé fọ́tò tó bàjẹ́ kọ́ sí pálọ̀, tí ẹnu ìyá rẹ̀ ò hàn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kò bàjẹ́. Mọ́mì ń sọ̀rọ̀ ni.